Ẹ́ńjìnnì la pa, kì í ṣe Kòrónà ló fọ afẹ́fẹ́ mọ́

Ó ti lé lọ́dún márùn-ún báyìí tí Buhari bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n tó ní kónílé ó gbélé l'Ékòó, l'Ógùn àti l'Ábùjá, síbẹ̀ mo ṣì máa ń rí i táwọn èèyàn ń pín in kiri lórí WhatsApp pé Kòrónà bá wa fọ afẹ́fẹ́ mọ́, pé ilé ayé sinmi, pé Ọlọ́run ló fẹ́ kí igi àti ẹyẹ rí àyè mí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, tórí bá a ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ńṣe là ń fi ohun táwa èèyàn ṣe sọ́rùn àìsàn. Kòrónà ò fọ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì la pa. Mọ́tò ò sí lójú títì, bàálù ò fò, wọ́n ti iléeṣẹ́ pa. Ẹni tó bá gbà pé àrùn ló ṣe é, àfi kó máa dúró de àrùn míì kó tó tún rí afẹ́fẹ́ tó dáa fà símú, ẹni tó bá sì gbà pé ẹ́ńjìnnì ni, á mọ ẹni tó yẹ kó lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ti ìlú pa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti Wuhan ní Ṣáínà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ará Yúróòpù tó ní sátẹ́láìtì Sentinel-5P gbé àwòrán jáde, ibi tó máa ń pọ́n yòò lórí máàpù tẹ́lẹ̀, ó ti ṣí. Gáàsì kan tó ń jẹ́ nitrogen dioxide ni wọ́n ń wò, òun ló máa ń jáde nídìí sàlẹ́ńsà mọ́tò àti látinú iléeṣẹ́ tó ń jó epo tàbí èédú. NASA ní ní apá ìlà oòrùn àti àárín gbùngbùn Ṣáínà, gáàsì yẹn fi bíi ìdá 10 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí bó ṣe máa ń wà lásìkò yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n rí ohun kan náà ní apá àríwá Ítálì, ó tún ran ọ̀pọ̀ ìlú ńlá káàkiri ayé.

Lóṣù kẹta ni Modi, olórí ìjọba India, ti gbogbo India pa, orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ará Jalandhar ní ìpínlẹ̀ Punjab gun orí òrùlé lọ, wọ́n ń ya fọ́tò òkè Dhauladhar tí yìnyín wà lórí ẹ̀, òkè tó jìnnà sí wọn ju kìlómítà 100 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀ tí wọ́n dàgbà síbẹ̀ ní àwọn ò rí i látorí òrùlé ilé àwọn rí, àwọn àgbà ló ń sọ fún wọn pé láyé àtijọ́ bó ṣe máa ń hàn nìyẹn. Òkè yẹn ò kúrò níbi tó wà o! Èéfín ló bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí gbogbo wọn sì ti gbà pé bí ojú ọ̀run ṣe rí nìyẹn. Ibi tọ́rọ̀ yìí ti ká mi lára jù nìyẹn, pé èèyàn lè gbé nínú èéfín títí tí á fi gbàgbé pé èéfín ni.

Kí ló jẹ́ kó yá tó bẹ́ẹ̀? Gáàsì mọ́tò yẹn kì í pẹ́ lófuurufú, wákàtí díẹ̀ ló ń lò tó fi ń yí padà di nǹkan míì, torí náà tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì lónìí, kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ó fi rí ìyàtọ̀. Kò dà bí àwọn nǹkan tí wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn ọmọ ọmọ wa ló máa jẹ èrè ẹ̀. Àwa náà máa jẹ ẹ́, lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ló ń lọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Eruku wíńníwínní tí wọ́n ń pè ní PM2.5, èyí tó kéré débi pé ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀, ibi tó ti ń wá pọ̀. Ní Beijing, lóṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ rìn, èéfín ṣì bo ìlú náà dúdú láwọn ọjọ́ kan, torí àwọn iléeṣẹ́ irin àti iléeṣẹ́ mànàmáná tó ń jó èédú ò dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ọ̀rinrin sì pọ̀. Ozone, gáàsì míì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, náà tún lọ sókè láwọn ìlú kan, tórí pé gáàsì tó ń jáde látinú sàlẹ́ńsà wà lára ohun tó máa ń jẹ ozone run, bó ṣe wá dín kù, ozone rí àyè. Àwọn tí kò fẹ́ ká ṣe nǹkan kan ló máa ń mú èyí sọ̀rọ̀ pé ẹ wò ó, wọ́n ti gbogbo ayé pa, kò sì yí padà. Irọ́ ni. Ohun tó fi hàn ni pé mọ́tò nìkan kọ́ ni ká mú, èédú, iléeṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló yẹ ká mú pọ̀.

Carbon dioxide tó ń mú ayé gbóná tún yàtọ̀ pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2020, èyí tí gbogbo ayé ń tú jáde lójúmọ́ fi bíi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 2019, síbẹ̀ nígbà tó di oṣù karùn-ún, ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n ní Mauna Loa ní Hawaii kà á sí ìdá 417 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, títí dìgbà yẹn kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Ẹni tó ń yá owó lójoojúmọ́, tó wá dín iye tó ń yá kù fún oṣù kan, ṣé gbèsè ẹ̀ ò ṣì máa ga sí i ni?

Ó dáa, ọ̀rọ̀ Èkó gan-an ni mo ń bọ̀ wá sọ.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa la rí fọ́tò Third Mainland Bridge tó dá páropáro, Ọ̀ṣọ́dì láìsí kọ́ńdọ́, Ojúẹlẹ́gba láìsí ariwo. Ojú títì dákẹ́, òótọ́ ni, èéfín dànfó lọ. Àmọ́ ẹ wọlé wá sí àdúgbò wa nígbà yẹn kẹ́ ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ilé face-me-I-face-you ni mò ń sọ o, kì í ṣe Ìkòyí. Oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ẹ ẹ̀ mọ bó ṣe máa ń móoru tó ni? Bàbá wà nílé, ìyá wà nílé, àwọn ọmọ ò lọ sílé ìwé, NEPA ò mú iná wá, kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe? Wọ́n tan jẹ́ẹ̀nì. Tẹ́lẹ̀ alẹ́ ni wọ́n máa ń tàn án nígbà tí oníkálukú bá ti ibi iṣẹ́ dé, lásìkò yẹn ó di ọ̀sán, ó di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá ní owó epo ń tàn án mọ́jú. Èyí tó kéré jù yẹn tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour, tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo fún, tó máa ń rú túú, ẹ̀yìn wíńdò ló máa ń wà, àbí inú kọ́rídọ̀, torí olè. Èéfín tó yẹ kó wà lójú títì ló kó wá bá wa nínú yàrá.

Ìyá kan wà nínú kọ́ńpáùndì wa tí ọmọ ẹ̀ ní ikọ́ fée. Lásìkò kónílé-ó-gbélé, lọ́sàn-án, ọmọ yẹn máa ń ṣeré níwájú ilé, ara ẹ̀ máa ń yá, ìyá ẹ̀ gan-an ní ara ọmọ náà ò yá bíi tìgbà yẹn rí, torí tẹ́lẹ̀ ojú títì tó wà níwájú ilé wa máa ń kún fún mọ́tò ni. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo yàrá bá tan jẹ́ẹ̀nì, á sáré ti wíńdò pa, ooru á mú wọn, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Tó bá ṣí i, èéfín. Tó bá tì í, ooru. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé ilé ayé sinmi bá mi wo ọ̀rọ̀ ìyá yẹn dáadáa, níta ilé ẹ̀ lafẹ́fẹ́ ti dáa, inú ilé tí ìjọba ní kó jókòó sí gan-an ló ti burú. Ìyẹn ká má tíì sọ ti àwọn tí èéfín jẹ́ẹ̀nì pa sójú oorun, tìyátìyá tọmọtọmọ, tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò kí Kòrónà tó dé àti lẹ́yìn ẹ̀, carbon monoxide inú èéfín yẹn ló ń pa wọ́n, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò ní òórùn.

Oúnjẹ náà ńkọ́? Àwọn tí kò rówó gáàsì mọ́ nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ dáwọ́ dúró padà sídìí èédú àti sítóòfù oníkẹrosíìnì. Ìyá àtàwọn ọmọ kéékèèké ló sì máa ń wà nídìí ààrò. WHO ní èéfín inú ilé nìkan ń pa tó mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn lọ́dún kárí ayé, tí wọ́n bá da ti ìta mọ́ ọn, á sún mọ́ mílíọ̀nù méje.

Ẹ rántí ti One Million Boys àti Awáwá, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta yẹn náà? Lóṣù kẹrin yẹn, nígbà tí ẹ̀rù olè ò jẹ́ ká sùn ní Agége, ní Alágbàdo, ní Ìfọ̀, ní Sàngó, tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣọ́ òde mọ́jú, kí la dá sójú títì? Táyà. Táyà là ń sun, lóru, ní títì kan sí òmíràn. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹni tí ebi ń pa tí olè tún ń dẹ́rù bà kò ní rò ti ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ ẹ má wá sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ àdúgbò wa mọ́ lásìkò náà.

Ẹ má sì gbàgbé òjò. Kónílé-ó-gbélé bọ́ sí ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òjò náà máa ń fọ eruku kúrò lófuurufú. Ẹni tó bá gbé fọ́tò oṣù kìíní tí ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò oṣù kẹrin, tó wá ní ẹ wo iṣẹ́ Kòrónà, kò ṣe é bó ṣe yẹ. Àfi kó fi oṣù kẹrin wé oṣù kẹrin àwọn ọdún tó ṣáájú.

Báńkì Àgbáyé ti ṣe ìwádìí lórí Èkó kí Kòrónà tó dé, ọdún 2018 ni wọ́n sì fi ṣe òdiwọ̀n. Wọ́n ní èèyàn bíi 11,200 ni afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí rán lọ sọ́run àìtọ́jọ́ l'Ékòó lọ́dún kan ṣoṣo yẹn, tó sì jẹ́ pé bíi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ tún un kà. Wọ́n ní owó tí ìpínlẹ̀ náà pàdánù sí i tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé bíi ìdajì iná tí Èkó ń lò, wọ́n ní mọ́tò wa ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní sulphur tó wà nínú dísẹ́ẹ̀lì wa fi ìgbà 200 ju ti Amẹ́ríkà lọ. PM2.5 tó yẹ kó má ju 10 máíkírógíráàmù lọ nínú cubic metre afẹ́fẹ́ kan lójú WHO nígbà yẹn (wọ́n ti sọ ọ́ di 5 lọ́dún 2021), 68 ni wọ́n kà l'Ékòó. Ohun tó ń pa wá ti ní orúkọ: mọ́tò, iléeṣẹ́, jẹnẹrétọ̀. Kónílé-ó-gbélé gbé ọ̀kan kúrò, ó fọwọ́ kan ìkejì díẹ̀, ó sì fi epo sí ẹ̀kẹta. Ìdí tí mo fi ní kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ fún wa nìyẹn.

Ta ló tún sanwó ẹ̀? Dẹ́rẹ́bà dànfó, alágbàfọ̀, alátẹ ẹja, bíríkìlà, gbogbo ẹni tí kò bá jáde lónìí tí kò ní jẹun lónìí. Àwọn èèyàn yẹn ló jókòó sílé tí ebi ń pa wọ́n, tí pálíétífù ò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ojú títì tó mọ́. Mi ò lè pe ìyẹn ní èrè. Afẹ́fẹ́ tó dáa tí a fi ebi ra kò lè pẹ́, kò sì pẹ́ lóòótọ́, torí nígbà tí wọ́n ní ká máa jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, èéfín náà bá a dé. Nígbà tó di 2023 tí Tinubu yọ ọwọ́ ìjọba kúrò lórí owó epo, a tún rí i díẹ̀, mọ́tò dín kù lójú títì torí owó epo gọbọi, àwọn tó lówó lọ ra sólà, àwọn tí kò lówó jókòó sínú òkùnkùn. Ẹ̀ẹ̀kan àrùn, ẹ̀ẹ̀kan ìṣẹ́. Ṣé kò wá sí ọ̀nà míì tí tálákà fi lè mí ni?

Ó wà. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná mànàmáná ló ń lò, kò ní sàlẹ́ńsà. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an, mo sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú kíákíá kó dé ibi tí èrò pọ̀ sí. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kó wọlé, láti ìparí 2016 ni Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gáná àti Ivory Coast ti péjọ l'Ábùjá tí wọ́n ní àwọn máa já sulphur inú ẹ̀ wá sílẹ̀ láti ìdá 3,000 sí ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan, àwọn ará Yúróòpù kì í gbà ju 10 lọ nílẹ̀ tiwọn. Ìjọba tó bá fẹ́ kí ọmọ wa mí á dúró ti àdéhùn yẹn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi iná ni bàbá gbogbo ẹ̀. Bí iná bá wà, kò sẹ́ni tó máa fi owó ara ẹ̀ ra ariwo àti èéfín. Gbogbo òfin tí ẹ bá ṣe lórí jẹ́ẹ̀nì láìsí iná, ìyà lẹ fi ń jẹ ìyá ọlọ́mọ.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ sọ ni ẹ̀rọ tó ń wọ̀n afẹ́fẹ́. Ní London, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ella Kissi-Debrah, Lewisham ló ń gbé, nítòsí títì South Circular tí mọ́tò máa ń kún, ikọ́ fée pa á lọ́dún 2013, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá ẹ̀ ò gbà kó lọ bẹ́ẹ̀, ó ja ìjà náà títí, lóṣù kejìlá ọdún 2020, ọdún Kòrónà yẹn kan náà, wọ́n fi ẹnu òfin sọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ẹ̀rọ ìwọnfẹ́fẹ́ wà ní Catford, kò ju bíi máìlì kan sílé wọn, tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tọ́mọ náà ń wọ ọsibítù tó ń jáde. Ìyá kan ní Mushin tàbí Ìkòròdú tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ló máa mú dání lọ sí kóòtù? Wọ́n á ní àkúfà ni, wọ́n á ní ayé ni, wọ́n á ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, wọ́n á sì sin ọmọ náà.

Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ẹ̀rọ yẹn sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́, kí wọ́n máa gbé iye tó bá kà síta lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé iye àwọn tó kó Kòrónà síta nígbà yẹn. Alaalẹ́ la máa ń retí iye tí NCDC bá kà, ẹ rántí, kò sẹ́ni tó ní òun ò gbọ́ ìṣirò. Kí ẹ̀yin landlord náà bá wa wá àyè fún jẹ́ẹ̀nì jìnnà sí wíńdò, kẹ́ ẹ ṣe ilé kékeré onírin tí olè ò ní lè gbé e níbẹ̀. Èmi ti bá méjì sọ ọ́ ládùúgbò wa, ọ̀kan ti gbà. Ìkejì ní òun máa rò ó, mo sì máa padà lọ bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.